Ta ni ọkùnrin tó wà nínú gbogbo fíìmù àtijọ́ yìí?

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. O ní ìwọ àti bàbá yín jọ jókòó wo King Kong ti 1933, ẹ rí olóyè erékùṣù yẹn, èyí tó fẹ́ fi obìnrin mẹ́fà ṣe pààrọ̀ ọmọbìnrin òyìnbó kan ṣoṣo. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì ẹ gbé The Mummy ti 1932 sí i, ojú kan náà ló tún yọ, lọ́tẹ̀ yìí ó ti di ìránṣẹ́ nílé àwọn òyìnbó ní Íjíbítì. Bàbá ní ọmọ Íńdíà ni, ìwọ ní adúláwọ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. O wá ń bi mí pé ta ni ọkùnrin náà, báwo lèèyàn ṣe ń wà nínú fíìmù tó pọ̀ tó báyẹn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀, àbí ńṣe ni wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Ìwọ lo jàre, àmọ́ má sọ fún bàbá pé èmi ni mo dá ẹjọ́ yẹn o. Noble Johnson lorúkọ ẹ̀. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní April 1881 ní ìlú Marshall ní Missouri, àmọ́ Colorado Springs ló ti gbọ́njú. Fíìmù tó ti ṣeré lé ní 100, láti ìgbà tí fíìmù ò tíì máa sọ̀rọ̀ títí di 1950. Má sì dá bàbá yín lẹ́bi jù, torí àṣìṣe tí wọ́n ṣe yẹn gan-an làwọn tó gba Noble síṣẹ́ ń fẹ́ kí òǹwòran máa ṣe. Torí kí ẹ má baà mọ ibi tó ti wá ni wọ́n ṣe ń sanwó fún un.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú òṣèré tó jẹ́. Ṣé o rántí bá a ṣe máa ń sọ ọ́ ní kékeré pé áktọ̀ kì í kú, pé bọ́ọ̀sì ló ń kú tí fíìmù bá fẹ́ parí? Tóò, Noble kì í ṣe áktọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í tiẹ̀ ṣe bọ́ọ̀sì, ẹni tó dúró ti bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, tó káwọ́ gbera, tí ò sọ nǹkan kan, àmọ́ tó o bá ti rí i wàá mọ̀ pé wàhálà ti dé. Áktọ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí fíìmù kan, àwọn bíi Noble á wá ṣe tiwọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gbowó, wọ́n á kọjá sí ọgbà iṣẹ́ mìíràn lọ lẹ irùngbọ̀n tuntun mọ́ àgbọ̀n. Bí fíìmù wọn ṣe ń pọ̀ ju ti àwọn ọ̀gá lọ nìyẹn.

Ẹṣin ló gbé e débẹ̀. Bàbá ẹ̀, Perry Johnson, ẹṣin ìje ló ń tọ́, Noble ò pẹ́ níléèwé tó fi tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn, ó mọ ẹṣin bí ẹni mowó. Ní 1914 ilé iṣẹ́ fíìmù kan tó ń jẹ́ Lubin, láti Philadelphia, wá ya fíìmù ní Colorado, òṣèré wọn kan wá fara pa, wọ́n ń wá ẹni tó ga, tó síngbọnlẹ̀, tó lè gun ẹṣin bó ṣe yẹ. Noble ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, àyà ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, iṣẹ́ sì ni ẹṣin jẹ́ fún un. Wọ́n ní kó ṣe Red Indian, ó ṣe é. Kíyè sí ìyẹn o, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dúró níwájú kámẹ́rà, ẹ̀yà ẹlòmíì ló bá wọn ṣe. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló forí lé California, tó wọ ilé iṣẹ́ fíìmù Universal, tó ń ṣe àwọn fíìmù alápá púpọ̀ tí wọ́n máa ń dá dúró níbi tó dùn jù kó o lè padà wá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. The Bull's Eye ti 1918 tí Eddie Polo ṣe áktọ̀ ẹ̀ wà lára wọn.

Nǹkan kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí. Ní Colorado Springs yẹn, Noble àti Lon Chaney jọ lọ iléèwé ni. Chaney yìí làwọn èèyàn ń pè ní ọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú, òun ló ṣe abuké inú The Hunchback of Notre Dame ní 1923, òun náà ló tún ṣe The Phantom of the Opera ní 1925. Òyìnbó ni, ó máa ń ṣe ará Ṣáínà, ó máa ń ṣe arọ, ó máa ń ṣe arúgbó, orúkọ ẹ̀ á sì gbòòrò lórí pọ́sítà. Ọmọ iléèwé kan náà, ìlú kan náà, iṣẹ́ kan náà tí í ṣe kí èèyàn fi ojú ara ẹ̀ pamọ́, ọ̀kan di ọ̀gá, ìkejì di "ọkùnrin yẹn, èyí tó wà lẹ́yìn yẹn". Mi ò sọ pé Chaney ò tó bẹ́ẹ̀ o, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tí Chaney bá pa ojú dà, gbogbo ayé mọ̀ pé Chaney ló pa á dà, ìyẹn gan-an ni wọ́n wá wò. Noble, wọn ò fẹ́ kó o mọ̀ pé ó pa nǹkan kan dà rárá.

O bèèrè pé ṣé àtíkè nìkan ló ń lò. Àtíkè wà ńbẹ̀, àmọ́ fíìmù tí wọ́n ń kó sí kámẹ́rà nígbà yẹn náà ràn án lọ́wọ́. Fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í rí àwọ̀ pupa. Ohun tó bá pupa á dúdú bí èédú lójú ẹ̀, ohun tó bá jẹ́ búlúù á funfun báláú, ìdí nìyẹn tí ètè àwọn obìnrin inú fíìmù 1910 sí 1920 fi máa ń dúdú báyẹn tí sánmọ̀ sì máa ń dà bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Gbogbo òṣèré pátá, tòyìnbó tadúláwọ̀, ló ní láti kun ojú kó tó lè jọ èèyàn. Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń kun ojú, ta ló fẹ́ mọ àwọ̀ ẹni kan gan-an? Noble kì í ṣe dúdú kirikiri, awọ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, tó bá kun ún síhìn-ín á di Lárúbáwá, tó bá kun ún sọ́hùn-ún á di ará erékùṣù. Nígbà tí fíìmù tó ń rí gbogbo àwọ̀ (dúdú àti funfun náà ṣì ni àwòrán ẹ̀ o) fi wá gbòde lápá ìparí 1920s, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ yẹn débi tí ò fi sí nǹkan tó bà á lẹ́rù mọ́.

Ẹ wo irú ibi tó ti kọjá. Ní 1921 nínú The Four Horsemen of the Apocalypse, fíìmù tó sọ òṣèré Rudolph Valentino di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Noble jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́rin yẹn fúnra wọn, ẹṣin sì rèé tí kì í fi sílẹ̀. Ní 1922 ó ṣe Friday, ọmọ ọ̀dọ̀ Robinson Crusoe. Ní 1924 ó jẹ́ ọmọ ọba ilẹ̀ Íńdíà tó wá tọrọ ọmọ ọba Baghdad nínú The Thief of Bagdad, tí Douglas Fairbanks wá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, (ìyẹn ni pé bàbá yín ò jìnnà sí òótọ́ púpọ̀), ọdún yẹn kan náà ló tún di olórí àwọn tó ń jẹ èèyàn, tó ń lé Buster Keaton kiri nínú The Navigator. Ní 1927 ó ṣe Uncle Tom nínú Topsy and Eva, ní 1929 ó wà nínú ìtàn Fu Manchu láàárín àwọn ará Ṣáínà, ní 1930 ó ṣe Queequeg, ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀ lu ẹja àbùùbùtán, nínú Moby Dick tí John Barrymore jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹ̀.

Ọdún 1932 ló pa gbogbo ẹ̀. Lọ́dún kan ṣoṣo yẹn, ó jẹ́ Janos, ìránṣẹ́ dókítà burúkú ní Paris nínú Murders in the Rue Morgue. Ó jẹ́ ará Nubia, ilẹ̀ adúláwọ̀ tó wà ní gúúsù Íjíbítì, tí Boris Karloff, òkú tó jí dìde, fi ojú mú bí ẹni mú adìyẹ nínú The Mummy, èyí tẹ́ ẹ rí. Ó sì jẹ́ Ivan nínú The Most Dangerous Game. Ivan yìí, ará Rọ́ṣíà ni, Cossack, òyìnbó pọ́nbélé, odi tí kì í sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n bò ó lójú, ọ̀gá ẹ̀ tó jẹ́ Count Zaroff ń fi èèyàn ṣe ẹran ìgbẹ́ ní erékùṣù kan. Wọ́n kun adúláwọ̀ ní funfun, ó ṣe òyìnbó, kò sẹ́ni tó fura! Láyé ìgbà tó jẹ́ pé òyìnbó ló máa ń kun ojú dúdú ṣeré adúláwọ̀ o. Èmi fúnra mi, ìgbà kẹta tí mo wo fíìmù yẹn ni mo tó mọ̀ pé òun ni, mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó mọ nǹkan. Igbó inú fíìmù yẹn náà, igbó tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà ilé iṣẹ́ fíìmù RKO, nínú ẹ̀ náà ni wọ́n ti ya King Kong, Fay Wray wà nínú méjèèjì, Robert Armstrong wà nínú méjèèjì. Noble náà wà nínú méjèèjì, ó jẹ́ òyìnbó nínú ọ̀kan, ó jẹ́ olóyè erékùṣù nínú ìkejì, igi kan náà ló ń gbà kọjá.

Tóò, gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ nípa Noble Johnson gan-an ò sí nínú èyíkéyìí lára àwọn fíìmù tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Ní 1915, fíìmù kan jáde tó ń jẹ́ The Birth of a Nation. Àwọn òyìnbó kun ojú dúdú nínú ẹ̀, wọ́n fi adúláwọ̀ hàn bí ẹranko, wọ́n sì fi àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń pa adúláwọ̀, hàn bí olùgbàlà. Fíìmù yẹn pa owó rẹpẹtẹ, ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀ pariwo títí, ariwo náà ò dí fíìmù lọ́wọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1916, Noble àti àwọn èèyàn mélòó kan dá ilé iṣẹ́ fíìmù tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Lincoln Motion Picture Company. Noble ni ààrẹ, òun ni áktọ̀, àbúrò ẹ̀ George tó wà ní Omaha ní Nebraska ló ń bá wọn wá ibi tí wọ́n ti máa fi hàn, Dókítà James T. Smith wà ńbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó, Clarence Brooks wà ńbẹ̀. Owó tí Noble ń gbà ní Universal, owó Red Indian, owó ìránṣẹ́, òun ló ń kó sínú ilé iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ tí inú ẹ̀ ò lè dùn sí tán ló ń sanwó ohun tí inú ẹ̀ dùn sí níbí.

Fíìmù wọn àkọ́kọ́, The Realization of a Negro's Ambition, kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan, James Burton, parí iléèwé ní Tuskegee, ó lọ California lọ wá iṣẹ́ nídìí epo rọ̀bì, wọ́n lé e torí àwọ̀ ẹ̀. Ibi tó ti ń lọ ló ti gba ọmọ olówó kan là nígbà tí ẹṣin ń wọ́ ọkọ̀ ọmọ náà sá lọ (ẹṣin nìyẹn o!), bàbá ọmọ náà wá fún un níṣẹ́ wíwá epo. Níbi iṣẹ́ yẹn ló ti kíyè sí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ jọ ilẹ̀ oko bàbá òun, ó padà sílé, ó gbẹ́ ẹ, epo tú jáde. Ó parí. Kò sí ẹni tó jẹ èèyàn, kò sí ẹni tó dé ìyẹ́ sórí. Ọmọ tó kàwé, tó ríṣẹ́, tó padà wá sọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ẹ̀, tó fẹ́ ọmọ àdúgbò. Lójú tiwa lónìí ó lè dà bí ìtàn àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ fojú ẹni tó jókòó nínú sinimá adúláwọ̀ ní 1916 wò ó, tó ń rí ara ẹ̀ lókè níbẹ̀ tó wọ kóòtù tó mọ́.

Èkejì ni Trooper of Troop K, lórí àwọn sójà adúláwọ̀ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹwàá tí wọ́n ja ìjà Carrizal ní Mexico ní June 1916. Òun náà ló tún ṣe áktọ̀ ìyẹn. Ẹ̀kẹta, The Law of Nature, jáde ní 1917.

George àbúrò ẹ̀ ní tiẹ̀, èmi fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an. Òṣìṣẹ́ pósófíìsì ni ní Omaha, kò fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ á jókòó ti lẹ́tà, á máa kọ̀wé sí àwọn onísinimá adúláwọ̀, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí àwọn oníwèé ìròyìn adúláwọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà pé fíìmù wa ti dé, ẹ wá gbà á. Sinimá tó jẹ́ ti adúláwọ̀ ò pọ̀, ẹ̀dà fíìmù tí wọ́n ní ò sì pọ̀, ọ̀kan náà ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú dé ìlú. Owó tó ń wọlé kì í tó ohun tí wọ́n máa fi ya èyí tó kàn, wọ́n á dúró kí èyí tó jáde lọ pa owó wálé ná.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí rèé. Lójú òyìnbó, Noble ò lórúkọ. Ní àdúgbò adúláwọ̀, orúkọ ẹ̀ ti ń dún. Tí fíìmù Universal tó ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn bá dé sinimá adúláwọ̀, àwọn tó ni sinimá ò ní gbé àwòrán áktọ̀ òyìnbó síta, Noble ni wọ́n máa gbé síta gàgàrà, bí ẹni pé òun ló ni fíìmù. Kò sì sí wàhálà níbẹ̀ títí dìgbà tí fíìmù Lincoln náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tójú kan náà wà lára pọ́sítà ẹ̀. Sinimá tó ń fi Lincoln hàn ní òpópónà yìí wá ń kó èrò kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi ti Universal hàn ní òpópónà kejì. Àwọn onísinimá ké lọ bá Universal. Universal pe Noble, wọ́n ní kó fi Lincoln sílẹ̀, kí Lincoln má sì lo ojú ẹ̀ tàbí orúkọ ẹ̀ polówó mọ́. Ní 1918 ó kọ̀wé fiṣẹ́ ààrẹ sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ojo ni. Mi ò gbà. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Lincoln ò lè sanwó oṣù fún un, òun ló ń sanwó fún Lincoln, tí Universal bá lé e, Lincoln náà ti kú nìyẹn, àtòun àti ilé iṣẹ́ á jọ wà nílẹ̀. Tó bá sì kúrò, ó kéré tán àwọn tó kù lè máa bá a lọ, wọ́n sì bá a lọ lóòótọ́. Dókítà Smith di ààrẹ, Clarence Brooks di áktọ̀, wọ́n ya A Man's Duty ní 1919, wọ́n ya By Right of Birth ní 1921, lẹ́yìn ìyẹn kò pẹ́ tí wọ́n kógbá sílé. Kó tó di pé wọ́n kógbá sílé, àgbẹ̀ kan tó ń kọ ìwé ìtàn, Oscar Micheaux, ti wá bá wọn dúnàádúrà ní 1918 lórí ìwé ẹ̀, The Homesteader. Micheaux ní òun fúnra òun lòun máa darí fíìmù yẹn, Lincoln ní rárá, wọn ò gbọ́ra wọn yé, Micheaux wá lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó yà á jáde ní 1919, ó sì di ẹni tí wọ́n ń ka orúkọ ẹ̀ sí bàbá fíìmù adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Tó o bá fẹ́ wo àwọn fíìmù Lincoln, wàá pẹ́ o. Wọ́n ti sọ nù, ìṣẹ́jú mélòó kan ló kù nínú By Right of Birth, ìyẹn náà ò sì sí Noble ńbẹ̀. Ibi tó ti jẹ́ òun fúnra ẹ̀, tó wọ kóòtù, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ èèyàn, ìyẹn ló ṣègbé. Ibi tó ti jẹ́ Red Indian, tó jẹ́ ará erékùṣù, tó jẹ́ òkú tó ń rìn nínú The Ghost Breakers ti 1940 pẹ̀lú Bob Hope, ìyẹn ló kù sílẹ̀ rẹpẹtẹ. George ló kó lẹ́tà, pọ́sítà àti ìwé ìròyìn jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wà ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles báyìí, ẹrù ẹ̀ yẹn la fi mọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ń sọ fún ọ yìí.

O wá bèèrè pé ṣé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Orúkọ ẹ̀ wà nínú fíìmù o, lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn òṣèré inú The Mummy, wàá bá Noble Johnson níbẹ̀. Àmọ́ ipa tó kó ò lórúkọ tirẹ̀, "ará Nubia" lásán ni wọ́n pè é, bó ṣe jẹ́ "olóyè" lásán nínú King Kong. Eégún tó bá ti gbé agọ̀ wọ̀, ta ló ń bèèrè orúkọ ẹni tó wà nínú ẹ̀? Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ níbi tí wọ́n ti ní kó yan ọ̀kan nínú méjì ní 1918, ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ní ti iṣẹ́, ó ríṣẹ́ ṣe ju ọ̀pọ̀ òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ áktọ̀ ńlá pòórá torí ohùn wọn, òun ò ṣe wàhálà, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró láì sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ti sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún, John Ford pè é wá ṣe olóyè Red Shirt nínú She Wore a Yellow Ribbon ti 1949. Red Indian ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Colorado, Red Indian náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi parí. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1950, ó lọ jókòó jẹ́ẹ́, ó sì tún lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lókè eèpẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. January 1978 ló kú ní Yucaipa ní California, ẹni 96 ọdún.

Fún ìwọ àti bàbá yín, The Most Dangerous Game ni kẹ́ ẹ wò báyìí, ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Má sọ nǹkan kan fún wọn. Jẹ́ kó dé ibi tí odi onírùngbọ̀n yẹn ti ṣílẹ̀kùn, dá a dúró níbẹ̀, kó o wá bi wọ́n pé ọmọ ibo ni ẹni yìí.